Agolo Mẹ́wàá

Lẹ́yìn ojú irin ní Luton,
níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti há ilẹ̀ fún wa bí ẹni ń pín mọ́ínmọ́ín,
oko mi ò ju yàrá méjì lọ.
Oṣù Karùn-ún kọjá, òjò ò yà wá wò.
Oṣù Kẹfà bá wa lórí ìdúró,
à ń wojú ọ̀run bí ẹni ń wojú onígbèsè.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilẹ̀ Òyìnbó máa ń gbẹ.
Ohun tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo débí,
ọdún kejìlélógún rèé, agboòrùn ni,
òjò ni mo sì fi ń gbà látìgbà náà.
Lọ́dún yìí ni mo tó rì í mọ́lẹ̀ sáàárín lẹ́túùsì,
kó ṣíji bò wọ́n.
Agboòrùn wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ omi:
a ò gbọdọ̀ fi rọ́bà fa omi sóko mọ́.
Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu géètì,
ó ń kán tó, tó, tó,
bí imú ọmọ tí òtútù mú.
Agolo mẹ́wàá lẹnìkọ̀ọ̀kan, lójúmọ́.

Nílé, a ò da omi nù mọ́.
Èyí tí Wúràọlá fi ṣan ìrẹsì, ti ata ni.
Olúgbódi, tó máa ń pẹ́ nílé ìwẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín,
mo ti bàsíà sí i lẹ́sẹ̀.
Ó ní, "Dádì, ṣé ìdọ̀tí mi náà lẹ fẹ́ gbìn ni?"
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e lé itan.
Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.
Mo rọra fọwọ́ bo ìdérí rẹ̀
bí ẹni ń di etí ọmọ.

Ìyá Glenys tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi
ló kọ́ mi kí n ri ike mọ́lẹ̀, kí n dorí rẹ̀ kodò,
kí n fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ ewébẹ̀.
"Gbòǹgbò ló ń mu omi," ó ní, "ewé kàn ń ṣe fújà ni."
Mo dákẹ́.
Ohùn ìyá mi ni mo gbọ́, ní àkùrọ̀ wa lẹ́yìn Ìgbẹ́tì,
ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀,
igbá lọ́wọ́, ó tẹ̀ ba, ó ń bu omi sídìí ẹ̀fọ́
bí ẹni ń sọ àṣírí.

Mẹ́rin fún tòmátì.
Mẹ́ta fún tẹ̀tẹ̀.
Méjì fún ata, nítorí ata ni mí lójú jù.
Ọ̀kan fún lẹ́túùsì,
títí di ọjọ́ tí Glenys ṣubú ní ìdáná rẹ̀,
tí wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ.
Ẹ̀wà rẹ̀ ṣì ń gun igi, kò mọ nǹkan kan.
Mo gba agolo lẹ́nu lẹ́túùsì, mo bù ú fún ẹ̀wà.
Lẹ́túùsì na ọrùn, ó yọ òdòdó, ó korò.
N ò dá a lẹ́bi.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò rọ̀, níbi iṣẹ́,
sórí kọnkéré, sórí ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún.
Mo sáré lọ sóko láàárọ̀:
ó kàn ta sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀.

Mo ká ẹ̀wà tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e lọ sí ọsibítù.
Glenys gé ọ̀kan jẹ ní tútù, ó rún un, ó pa ojú dé.
"Ó yi díẹ̀. Agolo mélòó lò ń bù fún un?"
"Ọ̀kan."
"Fi kan sí i."

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣírò:
mẹ́rin, mẹ́ta, méjì.
Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ń mì lórí itan mi.
Ta ni n óò dín tirẹ̀ kù?